Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Yorùbá Kò Lè Kọ́ Awakùsà Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlọ́ tàbí ìtàn àròsọ tí a sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni, ó sì kan ẹ̀kọ́ èdè tí gbogbo wa jókòó tì. Bí mo bá fi ohùn líle sọ ọ́, kí ẹ̀yin àgbà má ṣe bínú sí mi. Ohun tí ó bá ń dun ni ni í pọ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹni.

Ẹgbẹ́dá ni ilé wa wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. A kì í wa kùsà ní Ẹgbẹ́dá. Kò sí wúrà níbẹ̀, kò sí èédú, kò sí òkè tí a lè fọ́. Síbẹ̀, kò sí ilé kan láti Akówọnjọ títí dé Ìkòtún tí kò jẹ awakùsà ní gbèsè. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960. Òkúta wẹ́wẹ́ tí bíríkìlà fi ń po kọnkéré, inú òkè ni wọ́n ti fi ẹ̀tù fọ́ ọ jáde kí típà tó gbé e wá bá wa. Àwa tí a ń sùn nínú ilé wọ̀nyí kì í sábà bi ara wa pé: ta ni ó fọ́ òkúta yìí, ta ni ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe fọ́ ọ tí òkúta kò fi ní fọ́ òun náà?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní àwọn ilẹ̀ tí ìwakùsà ti gbilẹ̀, wọn kò fi ẹ̀kọ́ ààbò mọ sí ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ní Amẹ́ríkà, NIOSH, èyí tí í ṣe àjọ ìjọba tí ń ṣe ìwádìí lórí ààbò àti ìlera àwọn òṣìṣẹ́, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní MERITS, láti fi kọ́ àwọn tí yóò máa pàṣẹ nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní ibi ìwakùsà. Ní Gúúsù Áfíríkà, Yunifásítì Pretoria ṣí ilé kan ní ọdún 2015 tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró sí, kí ó máa wo inú ibi ìwakùsà yí ara rẹ̀ ká bí ẹni pé inú rẹ̀ gan-an ni ó wà.

Bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nìyí. Òṣìṣẹ́ yóò jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, tàbí kí ó mú fóònù sọ́wọ́. Yóò rí ẹnu ihò, yóò rí òkúta òkè orí rẹ̀, ọkọ̀ tí ń kó ẹrù, àti okùn ẹ̀tù tí wọ́n ti nà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò bi í pé: kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe? Bí ó bá wọlé láì wo òkè orí rẹ̀ bóyá ó ti sán, òkúta yóò já lé e lórí nínú àwòrán náà, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Yóò tún un ṣe, yóò sì tún tún un ṣe, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ó kú ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú àwòrán, ó sì lọ sílé lọ jẹ oúnjẹ alẹ́. Ìwé kò lè ṣe èyí. Ògbóǹtarìgì olùkọ́ pàápàá kò lè wó ihò lé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí kí ó sì tún jí i dìde.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ń bá kọ̀ǹpútà jà. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn tí ó rò pé bí a bá ti lè ra ẹ̀rọ náà bí ó ti wà, tí a sì gbé e sí ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní kò parí. Ẹ tún ẹ̀kọ́ tí mo ṣàpèjúwe yìí wò dáadáa. Àwòrán fi hàn pé òkúta já; gbólóhùn tí ó tẹ̀lé àwòrán ni ó sọ ìdí tí ó fi já, àti ohun tí ì bá dá a dúró. Inú gbólóhùn náà ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tí ń wò ó kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, eré ni ó wò. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò dìde, yóò sì padà sínú ihò pẹ̀lú àìmọ̀kan tí ó gbé wá.

Mo ti fi ojú ara mi rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ní ìgbà ìsinmi ọdún tí ó kọjá, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan, tí bàbá rẹ̀ ń wa típà, lọ sí ibi ìfọ́kúta kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Pátákó ńlá kan wà ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ ìlànà mẹ́wàá sí i, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Mo rí bàbá kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?” Ó ní, “Ọmọ mi, orúkọ iléeṣẹ́ ni.” Mo tún bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yin ẹ̀tù. Wọ́n ní bí àwọn bá ti rí i tí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ń sá, àwọn náà a sá. Bàbá yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ òkúta ju èmi lọ. Bí wọ́n bá fi irin kan òkúta, ìró rẹ̀ a sọ fún wọn bóyá ó ti sán tàbí ó ṣì le. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Bí wọ́n bá wá gbé kọ̀ǹpútà tí ń sọ èdè pátákó yẹn wá síbẹ̀, kí ni yóò jẹ́ fún wọn? Pátákó tí ń tan iná ni.

Ẹ má ṣe rò pé àìgbọ́ra-ẹni-yé jẹ́ ohun kékeré ní ibi ìwakùsà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá lọ sí ibi ìwa-èédú Iva Valley ní Enugu láti kó ẹ̀tù kúrò níbẹ̀, nítorí àwọn awakùsà ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn. Àwọn awakùsà ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ara. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó jẹ́ òyìnbó, Philip, rí ijó, ó gbọ́ orin, ó sì ní ogun ni wọ́n gbé dìde. Ó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 ni ó kú. Mo mọ̀ pé owó ni ìjà náà dá lé, mo sì mọ̀ pé ìwà ìmúnisìn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń kọ́ nípa èdè má ṣe gbàgbé pé ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ní ìbọn lọ́wọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orin àti ogun.

Kí a fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kí a wo ti ìgbà tiwa. Ní ọdún 2010, ní àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń kó òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ wá sílé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé. Òjé wà nínú òkúta náà pẹ̀lú wúrà. Eruku òjé bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀, ó kéré tán 400 ọmọ ni ó sì kú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù ṣẹ́ ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ó wó ilé, ó pa ènìyàn. Gómìnà Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni wọ́n kó ẹ̀tù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ilẹ̀ wó lé àwọn awakùsà lórí ní Galkogo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro ní Ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn òjò ńlá, ọ̀pọ̀ wọn sì há sínú rẹ̀.

N kò sọ pé kọ̀ǹpútà ì bá gba gbogbo àwọn wọ̀nyí là. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má ṣe lọ òkúta nínú ilé. Wọ́n omi sí i kí eruku má baà gbéra. Má ṣe wọ aṣọ iṣẹ́ lọ gbé ọmọ. Má ṣe kó ẹ̀tù sí ibi tí ènìyàn ń sùn. Má ṣe wọ inú ihò lẹ́yìn òjò kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò tó wò ó. Gbólóhùn márùn-ún péré nìyí. Kò sí èyí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè lóye bí a bá sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, kò sì sí èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè fi àwòrán àti ohùn kọ́ ni láàárín wákàtí kan.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò máa ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ní awakùsà kò kàwé, kí ni yóò fi kọ̀ǹpútà ṣe? Kí ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ wá sí Ẹgbẹ́dá ní ìrọ̀lẹ́. Yóò rí bíríkìlà, yóò rí vọ́káníìsà, yóò rí ọmọ iṣẹ́ tí kò parí ìwé mẹ́fà, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, tí wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní abúlé lórí WhatsApp. Ta ni ó kọ́ wọn? Ọwọ́ àti ojú wọn ni ó kọ́ wọn. Ohùn Yorùbá ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́, kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé fóònù kò gbọ́ ọ. Ẹni tí kò lè kàwé lè gbọ́rọ̀. Kí ẹ̀rọ bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba, fóòmánù yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú irú èrò yẹn ni ọ̀rọ̀ fóòmánù ti wá. Ṣùgbọ́n fóòmánù kan yóò túmọ̀ gbogbo rẹ̀, èkejì yóò túmọ̀ ìdajì, ẹ̀kẹta yóò ní, “Ẹ ṣáà máa ṣọ́ra.” Àǹfààní tí kọ̀ǹpútà ní ju ènìyàn lọ ni pé ohun kan náà ni yóò sọ fún ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ọgọ́rùn-ún. Bí a bá wá gbé fóòmánù sáàárín òun àti òṣìṣẹ́, a ti pa àǹfààní náà. Àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ní ibi ìwakùsà, tí àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣe ní ọdún 1995, sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ àti ìtọ́sọ́nà tí ó lè yé e, láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ó lè yé e! Èdè wo ni ó yé bàbá tí mo rí lábẹ́ pátákó?

Àwọn kan tún wà, inú yunifásítì ni wọ́n sì pọ̀ sí, tí wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń bí mi nínú jù. Àwọn baba wa wa irin, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n rọ ọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé etí wa. Ẹwìrì, owú, ẹmú, ìdarọ: ta ni ó yá wa ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Ẹni tí ó ru ẹrù wúwo tí ó fẹ́ kọjá ń ké “Àgò!”, gbogbo ọjà a sì yà fún un, ìkìlọ̀ ibi iṣẹ́ nìyẹn, kò ju sílébù méjì lọ. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò di ẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, a ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ibi tí a kò bá lè ṣẹ̀dá rẹ̀, a ó yá a bí a ti yá sìmẹ́ǹtì àti típà.

Ẹ̀kẹrin wọn ní kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń wa kùsà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lórí ilẹ̀ wúrà Ìjẹ̀ṣà, níbi tí iléeṣẹ́ Segilola ti kọ́kọ́ yọ wúrà ní ọdún 2021, ọmọ Hausa pọ̀ nínú àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ilẹ̀ ní àyíká ibẹ̀. Kí a ṣe é ní Hausa pẹ̀lú! Ohun kan náà ni mo ń béèrè fún wọn. Ní Gúúsù Áfíríkà, dípò kí àwọn tí ó ni ibi ìwakùsà bọ̀wọ̀ fún èdè àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n lo àdàlù èdè kan tí wọ́n ń pè ní Fanakalo, tí ó dára fún “gbé e” àti “sọ̀ ọ́ kalẹ̀”. Èdè tí a kò lè fi béèrè ìdí, èdè ẹrú ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí ni gbogbo ẹ̀kọ́ ààbò dá lé.

Ìkìlọ̀ kan wà tí èmi náà fẹ́ ṣe. Kọ̀ǹpútà kì í gbé òpó ró nínú ihò. Kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, kì í sì í di akoto lé orí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ aláìláàánú lè ra kọ̀ǹpútà kan, kí ó ní kí òṣìṣẹ́ tẹ ìka sí i pé òun ti kẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó wá sọ ní ọjọ́ jàǹbá pé, “A kọ́ ọ, òun ni kò gbọ́.” Ìdí mìíràn nìyí tí ẹ̀kọ́ náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ní èdè òṣìṣẹ́. Ẹni tí a fi èdè rẹ̀ kọ́ pé òpó gbọ́dọ̀ wà, yóò mọ ọjọ́ tí òpó kò sí, yóò sì ní ẹnu láti sọ pé òun kò ní wọlé.

Nísinsìnyí mo ń bọ̀ wá bá àwa tí a wà nínú ilé. Àwọn ẹ̀rọ tí ń túmọ̀ èdè ti wà. Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti ọdún 2013. Àwọn kan yóò ní kí a da Gẹ̀ẹ́sì sínú rẹ̀, kí ohun tí ó bá já sí wọ inú ihò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àmì ohùn, ẹ gbọ́ ná! Ẹ kọ “Oko n bo leyin re” láì fi àmì sí i, kí ẹ ní kí ẹ̀rọ kà á. Ṣé ọkọ̀ ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn òṣìṣẹ́ náà ni, tàbí ọkọ? Ṣé wọ́n fẹ́ yin ẹ̀tù ni, tàbí wọ́n rí ẹtu inú igbó? Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, máàkì kan ni àṣìṣe àmì ohùn ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Nínú ihò, ẹsẹ̀ ni yóò gbà, tàbí ẹ̀mí.

Ta ni ó yẹ kí ó tọ́jú èyí bí kì í bá ṣe àwa? Ní ọdún 1984, àwọn ọ̀gá wa tẹ ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Nítorí ìwé náà, mo lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa fóníìmù àti àpólà-orúkọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà fún èmi àti ẹ̀yin. Ìwé èdè-ìperí ti ẹni tí ń fọ́ òkúta dà? Ọdún mélòó ni a ó fi máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ara wa nìkan, tí a ó sì máa pariwo pé èdè wa ń kú? Èdè tí kò bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú ihò ìwakùsà, tí kò bá wọn dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, yóò kú lóòótọ́, àwa ni a ó sì ti pa á.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹ̀ka wa gba ọ̀rọ̀ ààbò ibi iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ àpilẹ̀kọ ìparí rẹ̀ lé lórí. Kí ẹgbẹ́ wa kó igba ọ̀rọ̀ jọ láti ẹnu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, ní Ẹ̀gbá àti ní Ìjẹ̀ṣà, kí a tó jókòó ṣẹ̀dá èyí tí kò sí. Kí a fi ohùn ènìyàn gbà á sílẹ̀, ohùn àgbà tí yóò sọ pé “Ẹ sá!” fún ẹni tí ó tó bàbá ẹni, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà bínú sí ẹ̀rọ kó tó gbọ́ ohun tí ó ń wí. Kí àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà fi í sínú fóònù kékeré tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a gbé e fún awakùsà mẹ́wàá, kí a sì tún èyí tí kò bá yé wọn ṣe. Ní ti ìjọba, kí ó kọ ọ́ sínú òfin pé a kò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni wọ ihò tàbí sí ẹsẹ̀ òkè bí a kò bá tíì kọ́ ọ ní èdè tí ó gbọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ tí ó bá yé ni ni í yọ ẹsẹ̀ ẹni kúrò lábẹ́ òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè, iṣẹ́ ń dúró dè yín.